Ilẹ̀kùn Páálí Gbá Mi Nímú

Màámi, ẹ kú àárò ọmọ.

Mo gbọ́ pé ẹ ti pe gbogbo ará ilé wá wo eré apanilẹ́rìn-ín wa, ti àwọn tó ń wakọ̀ láàárín ìràwọ̀. Eré náà gùn jù, wọ́n gé ipa tèmi kúrò. Àmọ́ tó bá parí, ẹ má dìde o! Mo wà nínú àkójọ àṣìṣe àwa òṣèré tí wọ́n fi kádìí ẹ̀. Èmi ni olójú mẹ́ta tí ẹ máa rí níbẹ̀. Bí mo ṣe ní, “Ọ̀gá, ọ̀tá ti dé!” ni ilẹ̀kùn páálí wó lù mí, ó gbá mi nímú. Olùdarí rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ó ní, “Ṣé o fẹ́ fi ẹ̀rín pa mí ni?”

Wọn ò tíì pè mí fún apá kejì eré náà, ṣùgbọ́n ara mi le koko.

Ẹ bá mi kí Bàámi. Ẹ kí àbúrò mi náà, kó má tíì kẹ́rù sí yàrá mi o.