Ìwé Adójútòfò Tí Kò Sí Màmá Nínú Rẹ̀

                                        Ṣọ́ọ̀bù Aránṣọ,
                                        Ilé Kọkàndínlógún,
                                        Òpópónà Èbúté.
                                        Ọjọ́ Kejìlá, Oṣù Kẹta.

Òwú, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn ún ti san? Àwọn ìbejì ńkọ́? Mo gbọ́ pé wọ́n ti ga jù ọ́ lọ. Ìyẹn ò kúkú ṣòro, ìwọ náà mọ bí o ṣe ga tó. Ara tèmi le. Ojú mi nìkan ni kì í rí ihò abẹ́rẹ́ mọ́ àfi tí mo bá wọ awò. Àárò rẹ ń sọ mí, mi ò ní fi bò. Ọdún mọ́kànlá ti pọ̀ jù.

Bí ọkọ̀ bá ti fọn fèrè ní èbúté báyìí, ẹsẹ̀ mi á dúró lórí ẹ̀rọ ìránṣọ. Màá rántí ìgbà tí a jọ ń kọ́ṣẹ́, tí ọ̀gá wa sọ wá ní Abẹ́rẹ́ àti Òwú nítorí pé ibi tí ọ̀kan bá wà lèkejì ń wà. A máa ń yọjú lójú fèrèsé wo ọkọ̀ ńlá tó ń kó àwọn olówó lọ gbafẹ́ lórí òkun, a sì ń búra pé àwa náà á wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ kan. Ta ló mọ̀ pé òwú ló máa kọ́kọ́ lọ, tí abẹ́rẹ́ á jókòó?

Mo mọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ. O ń rò pé màá tún yẹ̀ lórí ìrìn àjò ọkọ̀ òkun wa yìí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti já ọ kulẹ̀: ìgbà àkọ́kọ́ nítorí aṣọ ilé-ìwé tí mo gbà ju agbára mi lọ, ìgbà kejì nítorí orúnkún Màmá, tó san lọ́jọ́ kẹrin. Ìwọ nìkan lo lọ nígbà yẹn. Fọ́tò bẹ́ẹ̀dì kejì tí ẹnikẹ́ni ò sùn lé, tí o fi ránṣẹ́ sí mi láti inú ọkọ̀, ṣì wà lára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ dígí. Àwọn oníbàárà máa ń bi mí pé bẹ́ẹ̀dì ta ni. Mo máa ń sọ fún wọn pé tèmi ni.

Nígbà tí mo san owó àkọ́kọ́ fún yàrá wa lọ́tẹ̀ yìí, ẹni tó gbà á ní kí n ra ìwé adójútòfò, ìyẹn inṣọ́ránsì ìrìn àjò, kí owó má baà wọmi bí nǹkan bá dí wa lọ́wọ́. Ó ní ọjọ́ mẹ́rìnlá péré ni mo ní láti yan èyí tí mo fẹ́. O mọ̀ mí, ọjọ́ kọkànlá ni mo tó dé ọ́fíìsì wọn.

Obìnrin kan ló jókòó síbẹ̀, kọ́là bùláòsì rẹ̀ wọ́ sápá kan. Díẹ̀ ló kù kí n bọ́ ọ lọ́rùn rẹ̀ kí n tún un rán. Ó ní oríṣi méjì ló wà. Èyí tó dínwó máa ń san án bí àìsàn bá ṣe èmi tàbí ìwọ tí a jọ ń lọ, tàbí òbí mi, ọmọ mi, tàbí ọmọ ìyá mi. Èyí tó wọ́n kò béèrè ìdí rárá. Bó bá tiẹ̀ kàn rẹ̀ mí láti lọ, wọn á dá èyí tó pọ̀ jù nínú owó náà padà. Mo ní èyí tó dínwó ti tó mi. Mo gba fọ́ọ̀mù, mo kọ orúkọ Màmá sí àyè ìyá.

Ó wo ìwé ìbí mi, ó ní orúkọ ibẹ̀ yàtọ̀. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹni yẹn ló bí mi, ó ti kú kí n tó hu eyín. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló wò mí dàgbà, òun ni Màmá. Ó rọra gbé bírò sílẹ̀. Ó ní nínú ìwé tiwọn, ẹ̀gbọ́n ìyá kì í ṣe ìyá. Òwú, mi ò purọ́ nínú fọ́ọ̀mù yẹn o. Ta ló pọ̀n mí? Ta ló mú mi lọ kọ́ṣẹ́?

Ohun tó sì ń bà mí lẹ́rù nìyẹn. Lóṣù tó kọjá, dókítà ní ọkàn Màmá ò lágbára bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, pé kí wọ́n máa lo oògùn láàárọ̀ àti lálẹ́. Mo bá pinnu pé èyí tó wọ́n ni màá rà, kí n lè yí padà nígbàkúùgbà. Mo délé, mo sọ ọ́ fún Màmá. Kí n tó jí lọ́jọ́ kejì, wọ́n ti wọ bàtà, ọ̀pá ti wà lọ́wọ́ wọn.

A dé ọ́fíìsì, wọ́n ní kí obìnrin náà tún àlàyé rẹ̀ ṣe. Wọ́n wá béèrè pé, "Nínú èyí tó dínwó yẹn, bí nǹkan bá ṣe mí, ṣé ẹ máa dá owó ẹ̀ padà?"

"Rárá, mà. Ẹ má bínú."

"Mi ò bínú. Òun gan-an ni kó o kọ fún un."

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, wọ́n kọjú sí mi. "Èyí tó wọ́n yẹn, ihò lò ń fowó rà. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ̀ ọ́. Ṣé mi ò mọ̀ ẹ́ ni? Bí mo bá wúkọ́ pẹ́nrẹ́n, o ti padà sílé. Mi ò sí nínú ìwé wọn, mi ò sì fẹ́ wà níbẹ̀. Èmi kọ́ ni màá tún dá ẹ dúró."

Wọ́n wá rẹ ohùn sílẹ̀. Wọ́n ní àwọn gbọ́ ẹkún mi nígbà yẹn, lẹ́yìn kọ́tìnì tí àwọn oníbàárà ti ń wọ aṣọ wò. Wọ́n ní orúnkún ti san, ṣùgbọ́n ẹkún yẹn ò tíì kúrò létí àwọn. Òwú, mo sunkún níwájú obìnrin oníkọ́là wíwọ́ náà. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran ṣá. Mo rí ibi tó ní kí n fọwọ́ sí, mo sì fọwọ́ sí i.

Àbúrò mi tó ń ṣe búrẹ́dì ló máa wá sùn ti Màmá fún ọjọ́ mẹ́jọ tí a máa lò lórí òkun. Wọ́n ti ń ṣàròyé pé ó máa ń hanrun. Ẹ̀rù ṣì ń bà mí, ṣùgbọ́n mò ń bọ̀. Ìwọ wà nínú ìwé náà o: bí àìsàn bá ṣe ọ́, wọn á dá owó mi padà. Jọ̀ọ́, tọ́jú ara rẹ, mi ò fẹ́ owó wọn.

Bá mi kí ọkọ rẹ, sì bá mi fa àwọn ìbejì létí. Màmá ní kí n kí ọ, pé fọ́tò ẹni méjì ni àwọn ń retí lọ́tẹ̀ yìí. Mo ti yọ ti àtijọ́ kúrò lára ògiri, ó ti wà nínú àpótí mi. Bí o bá ṣáájú mi wọ yàrá wa, má gbé ẹrù lé bẹ́ẹ̀dì ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Ó lẹ́ni tó ni ín.

                                        Èmi ni tìrẹ tí kò ní yẹ̀ mọ́,
                                        Abẹ́rẹ́.