Kóòtù Tiyín Wà Lórí Ìkọ́ Kẹrin

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà,

Mo kí yín, mo kí ilé, mo sì kí orúnkún yín tó ń yọ yín lẹ́nu láti ìgbà tí òtútù ti dé. Àdúrà mi ni pé kí lẹ́tà yìí bá yín lórí ìjókòó, kí ife tíì gbígbóná wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, kí ara sì le. Àwa náà wà dáadáa. Àwọn ọmọ ń jẹun, wọ́n ń sùn, wọ́n sì ń jiyàn, èyí tó fi hàn pé kò sóhun tó ṣe wọ́n.

Ẹ ó máa wò ó pé kí ló dé tí mo fi ń kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà. Tí a bá wà lórí fóònù, ẹ̀yin lẹ máa ń sọ̀rọ̀, èmi á kàn máa sọ pé "bẹ́ẹ̀ ni, mà" títí káàdì á fi tán. Ẹnikẹ́ni kì í já lu lẹ́tà. Ẹ bá mi kà á dé ìparí kí ẹ tó bínú. Tí ẹ bá ṣì fẹ́ bínú lẹ́yìn náà, ẹ̀tọ́ yín ni.

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ. Ní ọjọ́ tí ẹ wá rí dókítà orúnkún yín ní ìlú wa, ẹ kọjá ní ibùdókọ̀ àdúgbò wa, ẹ rí ọmọ mi méjèèjì tí wọ́n dúró nínú ọ̀gìnnìtìn pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì ilé-ìwé lásán. Ẹ sọ̀kalẹ̀, ẹ ya fọ́tò wọn, ẹ sì fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹbí. Ẹ kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Ẹ wo ohun tí ìyàwó wa ń fi ọmọ ọlọ́mọ ṣe." Kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn tí n kò fojú kàn láti ọjọ́ ìgbéyàwó mi ti ń kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń wọṣọ fún ọmọ.

Lánàá ẹ wá pè, ẹ ní ní Sátidé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ẹ ó gbé mọ́tò wá kó wọn lọ sọ́dọ̀ yín, pé ọ̀hún ni wọ́n á ti máa lọ sílé-ìwé títí òtútù á fi kásẹ̀ nílẹ̀. Ẹ ní ẹ ti sọ fún àbúrò yín. Ọkọ mi tó wà nínú yàrá ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi, tí kò lè rí ibùdókọ̀ kankan láti ibẹ̀, dá yín lóhùn pé kí ẹ̀yin àti èmi jọ sọ ọ́. Ó dáa. Èmi rèé tí mò ń sọ ọ́: rárá. Àwọn ọmọ mi ò lọ síbì kankan. Ìyókù lẹ́tà yìí, àlàyé ni. Kì í ṣe ẹ̀bẹ̀.

Ẹ má rò pé aṣọ ni wọn ò ní. Ẹ mọ̀ mí, n kì í dúró dìgbà tí nǹkan bá bàjẹ́. Òtútù ò tíì jáde nílé rẹ̀ tí mo ti ra kóòtù olówùú tó nípọn fún àwọn méjèèjì. Mo wọn èjìká, mo wọn apá, mo fi àyè sílẹ̀ fún ìdàgbà. Mo kan ìkọ́ mẹ́rin sẹ́yìn ilẹ̀kùn: tàwọn ọmọ méjì, tèmi kan, ẹ̀kẹrin fún ẹni tó bá wá kí wa. Láràárọ̀ ni mò ń dúró lẹ́nu ọ̀nà bí aṣọ́bodè. Kóòtù, fìlà, ìbọ̀wọ́, ó yá. Ẹni tí tirẹ̀ ò bá pé, kò kọjá. Tiwọn ń pé, wọ́n ń kọjá, èmi náà ń sáré lọ síbi iṣẹ́, mo sì ń sọ fún ara mi pé ètò ti fẹsẹ̀ múlẹ̀.

Ẹ mọ àwọn ọmọ, ṣùgbọ́n ẹ ò mọ orúkọ tí wọ́n ń jẹ́ nílé báyìí. Lọ́yà ni ẹ̀gbọ́n, nítorí kò sóhun tí ẹ máa sọ fún un tí kò ní bi yín pé níbo ni wọ́n kọ ọ́ sí. Ẹlẹ́rìí ni àbúrò. Ohunkóhun tí Lọ́yà bá sọ, òun náà wà níbẹ̀, ojú rẹ̀ ló ṣe, kódà bó bá jẹ́ pé ilé ìwẹ̀ ló wà lásìkò náà.

Nígbà tí fọ́tò yín dé, n kò pariwo. Mo gba àyè níbi iṣẹ́, mo lọ bá télọ̀ tó wà nísàlẹ̀ ilé wa, nítorí iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni wọ́n máa ń gbà kọjá kí wọ́n tó bọ́ sí títì. Kí n tó lanu, mo ti rí kóòtù méjèèjì. Wọ́n gbé wọn kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì àyọ́nù rẹ̀, wọ́n ń yáná níbẹ̀ bí arúgbó méjì. Obìnrin náà ní àwọn ọmọ sọ fún òun pé èmi ni mo ní kí òun máa bá mi tọ́jú wọn di ọ̀sán, kí wọ́n má bàa dọ̀tí nílé-ìwé. Ó ní òun tilẹ̀ ń yìn mí lọ́kàn pé obìnrin yìí mọ nǹkan lò. Ó fi kún un pé oníbàárà kan ti ń ná kóòtù pupa yẹn lọ́wọ́ òun. Mo gba kóòtù méjèèjì, mo dúpẹ́, mo gòkè.

Kí wọ́n tó bọ́ bàtà tán lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ìpàdé ti bẹ̀rẹ̀. Mo gbé kóòtù méjèèjì sórí tábìlì, mo ní kí wọ́n ṣàlàyé. Mo ti múra sílẹ̀ fún "ó ń yún mi lára", mo ti múra sílẹ̀ fún "ó tóbi jù", mo sì ti ní èsì fún "wọ́n á fi mí ṣe yẹ̀yẹ́". Lọ́yà ò sọ ọ̀kankan nínú wọn. Ó dìde, ó kó ọwọ́ sẹ́yìn.

"Mọ́mì, èwo ló tutù jù, ìta ni àbí ibi iṣẹ́ yín?"

Mo ní ibi iṣẹ́ mi ni.

"Ìgbà wo lẹ wọ kóòtù níbẹ̀ kẹ́yìn?"

Kí n tó dáhùn, Ẹlẹ́rìí ti gbà á lẹ́nu mi. "Mo wà níbẹ̀. Wọn ò wọ̀ ọ́ rárá."

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tó ti rí i fún yín. Ẹ mọ̀ pé ilé tí wọ́n ń kó ẹja àti ẹran dídì pamọ́ sí ni mò ń darí. Òfin ibẹ̀ ni pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wọ yàrá yìnyín láìwọ kóòtù ńlá, èmi gan-an ni mo sì lẹ òfin náà mọ́ ògiri. Ṣùgbọ́n tí mọ́tò bá ti dúró níta, tí awakọ̀ ń fun fèrè, tí páálí kan ṣì wà nínú lọ́hùn-ún tí kò sẹ́ni tó mọ igun tó wà, kí ẹnìkan tó wá ibi tí síìpù kóòtù ti bẹ̀rẹ̀, èmi ti wọlé, mo ti rí páálí, mo ti jáde, pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì alápá péńpé tó wà lọ́rùn mi. Àwọn tó ń kó ẹrù ló sọ mí ní Màdáàmù Sítóòfù. Nígbà ìsinmi tó kọjá, kò sẹ́ni tó máa bá mi wo àwọn ọmọ, ni mo bá mú wọn dání. Wọ́n jókòó lẹ́yìn dígí ọ́fíìsì mi, wọ́n rí mi tí mo wọlé bẹ́ẹ̀, tí mo jáde tí èéfín ń rú lára mi, tí àwọn ọkùnrin ń pàtẹ́wọ́ pé, "Sítóòfù, Sítóòfù."

Lọ́yà gbé e dé ilé-ìwé. Ó sọ fún gbogbo kíláàsì rẹ̀ pé òtútù kì í mú ìyá òun. Wọ́n ní irọ́ ni. Ó ní kì í mú òun náà, pé ìdílé àwọn ni. Láti ọjọ́ náà ló ti ń bọ́ kóòtù sílẹ̀ lọ́dọ̀ télọ̀. Ẹlẹ́rìí sì ń bọ́ tirẹ̀, nítorí tí ẹlẹ́rìí bá wọ kóòtù, ẹjọ́ bàjẹ́ nìyẹn.

Ó wá sọ èyí tó mú mi jókòó. "Tí mo bá wọ̀ ọ́ báyìí, wọ́n á ní irọ́ ni mo pa nípa yín."

Ẹ̀gbọ́n mi, nígbà tí ẹ pè lánàá, ẹ ní ọmọ aláìgbọràn ni mò ń tọ́. Mo di ìka ọmọ náà mú, ó le bí igi. Ètè rẹ̀ ti bó. Nítorí orúkọ mi ló ṣe dúró nínú òtútù. Kò sí ọmọ tó gbọ́ràn tó bẹ́ẹ̀. Ohun tó rí ló ṣe.

N kò na ẹnikẹ́ni, n kò sì bẹ ẹnikẹ́ni. Nílé-ẹ̀kọ́ tí mo ti kọ́ bí a ṣe ń darí iṣẹ́, wọ́n ní tí o bá ti mọ ibi tí nǹkan ti ń jò, má ṣe jókòó máa dárò rẹ̀. Mo bá wọn ṣe àdéhùn lójú ẹsẹ̀. Ìgbàkígbà tí mo bá fẹ́ wọ yàrá yìnyín, kóòtù á wà lọ́rùn mi, síìpù á dé ọrùn. Tí mo bá ń jáde nílé, bẹ́ẹ̀ náà ni. Ọjọ́ tí èmi ò bá wọ tèmi, àwọn náà ò wọ tiwọn. Lọ́yà ní ta ló máa jẹ́rìí sí ti ibi iṣẹ́. Mo ní fọ́máànù. Ó ní abẹ́ mi ni fọ́máànù wà, kò lè jẹ́rìí. Awakọ̀ ló fẹ́, nítorí ó rí i pé awakọ̀ ò bẹ̀rù mi. Mo gbà.

Lọ́jọ́ kejì mo wọ kóòtù níbi iṣẹ́, àwọn tó ń kó ẹrù dá iṣẹ́ dúró. Fọ́máànù wò mí látòkè délẹ̀, ó ní, "Epo ti tán nínú Sítóòfù o." Wọ́n rẹ́rìn-ín, mo jẹ́ kí wọ́n rín in tán. Mo wá béèrè ibi tí kóòtù tirẹ̀ wà. Orí àga ló wà, ó ti fi ṣe tìmùtìmù. Bí mo ṣe ń sáré wọlé láìwọ̀ ọ́ làwọn náà ń sáré. Ọ̀kan nínú wọn ti ń wúkọ́ tipẹ́, mo sì rò pé sìgá ni. Ní báyìí, gbogbo wa là ń wọ̀ ọ́ ká tó wọlé. Mọ́tò ń pẹ́ díẹ̀ sí i níta, awakọ̀ ń fun fèrè. Kó máa fun ún.

Àwọn ọmọ ń wọ tiwọn. Mo béèrè ohun tí Lọ́yà sọ fún kíláàsì rẹ̀. Ó ní òun sọ fún wọn pé sítóòfù tó bá gbọ́n kì í jó epo rẹ̀ dànù níta.

Ó wá ku fọ́tò yín. Lọ́jọ́ Àìkú Ẹlẹ́rìí gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó ń fi ìka fẹ̀ ẹ́ kó lè rí ojú ara rẹ̀ dáadáa. Ó wá ní, "Mọ́mì, ta lèyí nínú dígí?" Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbé fọ́tò náà jáde. Ẹ fi àwọn ọmọ sílẹ̀, ẹ wo dígí ibùdókọ̀ tó wà lẹ́yìn wọn. Obìnrin kan wà níbẹ̀ tó gbé fóònù sókè. Búláòsì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló wọ̀. Kò sí kóòtù, kò sí ìborùn, atẹ́gùn ti gbé ọwọ́ búláòsì náà dé èjìká. Lọ́yà wò ó láti ẹ̀yìn mi, ó ní, "Ṣé ẹ rí i, mo sọ pé ìdílé wa ni."

Mo mọ ohun tí ẹ máa sọ. Inú mọ́tò gbígbóná lẹ ti sọ̀kalẹ̀, ẹ kàn fẹ́ yára ya fọ́tò ni. Mo gbà yín gbọ́. Èmi náà, páálí kan ni mo kàn fẹ́ yára mú. N kò tíì fi dígí yẹn han ẹbí, n kò sì ní fi hàn wọ́n bí ẹ̀yin náà bá jẹ́ ká fi ti ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀.

Nítorí náà, ẹ máa bọ̀ ní Sátidé. Ẹ gbé mọ́tò bọ̀, kẹ́ ẹ sì gbé e padà lófìfo. Oúnjẹ á wà, ibùsùn á wà. Mo ti ra kóòtù búlúù kan fún yín, ó gùn kọjá orúnkún, orúnkún yẹn ló sì nílò rẹ̀ jù. Ó wà lórí ìkọ́ kẹrin lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Àwọn ọmọ á máa wò yín. Tí ẹ bá wọ̀ ọ́ jáde, wọ́n á tẹ̀ lé yín. Tí ẹ ò bá wọ̀ ọ́, Lọ́yà ní ìbéèrè tó máa bi yín, n kò sì ní gbà yín sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ti kọ́ àìwọ kóòtù. Ọ̀dọ̀ mi náà ni wọ́n á ti kọ́ wíwọ̀ rẹ̀.

Kí Ọlọ́run mú yín rí ìgbà ooru. Kí ó fún yín ní ẹsẹ̀ tó fúyẹ́ àti oorun tó dùn. Kí ó mú àbúrò yín gúnlẹ̀ láyọ̀, pẹ̀lú kóòtù lọ́rùn, nítorí ní báyìí n kò fọkàn tán òun náà mọ́.

Èmi ni, pẹ̀lú ọ̀wọ̀ àti láìyí ọ̀rọ̀ mi padà,
Ìyàwó àbúrò yín,
Ìyá Lọ́yà àti Ẹlẹ́rìí.

Àfikún: Mo ti lẹ àpòòwé yìí pa, mo sì ti sáré dé ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn kí iwájú ilé ìfìwéránṣẹ́ tó kún, nígbà tí mo gbọ́ ẹsẹ̀ lẹ́yìn mi. Lọ́yà ni. Ó ti wọ tirẹ̀, síìpù ti dé ọrùn. Tèmi ló gbé lọ́wọ́. Ó ṣí i sílẹ̀ fún mi bí wọ́n ṣe ń ṣe fún ọmọdé, ó ń dúró, títí mo fi ki apá mi méjèèjì bọ̀ ọ́. Télọ̀ ń rẹ́rìn-ín. Orí tábìlì àyọ́nù rẹ̀ ni mo ti tún já àpòòwé náà láti kọ èyí, kí ẹ lè mọ irú ọmọ tí ẹ fẹ́ wá kó lọ.