Òróró Nínú Iṣan Baálé

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta

Kí n tó ṣí ilẹ̀kùn ilé ìwòsàn ẹranko wa tán, Ìyá Aránṣọ ti já wọlé. Agbọ̀n aṣọ lọ́wọ́, ológbò nínú ẹ̀, ó ń gbọ̀n wọ̀ọ̀. Ológbò ọkọ wọn tó kú lésìí ni. Látìgbà náà, orí àga ọkùnrin yẹn ló ń sùn, ni wọ́n bá ń pè é ní Baálé.

Gìrì mú un lórí tábìlì wa. Ara ń jó bí iná. Mo bi wọ́n pé kí ló jẹ. Wọ́n ní kò jẹ nǹkan kan. Ọmọbìnrin wọn ló rí eégbọn lára ẹ̀, ló bá kán oògùn eégbọn ajá ilé wọn sí i lẹ́yìn ọrùn.

Oògùn ajá! Ajá á gbà á, á máa ṣeré lọ. Ẹ̀dọ̀ ológbò ò lè ká a.

Wọ́n ní àwọn ti lé ọmọ náà jáde nílé, kó má sì pe àwọn mọ́ láyé. Ariwo ọmọ yẹn ni wọ́n ṣì ń pa tí ológbò ń kú lọ. Mo ní ẹ jọ̀ọ́ mà, a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.

Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ọṣẹ ìfọbọ́, a wẹ̀ ẹ́ mọ́ tónítóní. Abẹ́rẹ́ gìrì lẹ́ẹ̀mejì. Gìrì lọ, gìrì tún padà dé.

Mo ní ká fa òróró sí i níṣan. Ọ̀gá Rọra – ọ̀gá mi, ọgbọ̀n ọdún lẹ́nu iṣẹ́, "rọra" ò kúrò lẹ́nu wọn rí – bi mí pé ṣé mo fẹ́ dín ológbò ni. Mo ṣàlàyé: kì í ṣe ti ìdáná, èyí tó funfun bíi wàrà ni, tí wọ́n ń fà sára aláìsàn tí ò lè jẹun. Májèlé yìí fẹ́ràn òróró. Tó bá rí i nínú ẹ̀jẹ̀, á fi ọpọlọ sílẹ̀, á tẹ̀ lé e. Wọ́n ní ṣé mo ti ṣe é rí. Rárá, mo kà á ni. "Kíkà!" Mo ní Ọ̀gá, tá a bá rọra, á rọra kú.

Wọ́n wò mí. Àwọn fúnra wọn ló pe ilé ìwòsàn èèyàn pé kí wọ́n fún wa lápò kan.

Mo kọ́kọ́ gba ẹ̀jẹ̀, torí tí òróró bá ti wọlé, ẹ̀jẹ̀ ò ṣeé yẹ̀ wò mọ́. Díẹ̀ nínú síríńjì, ìyókù díẹ̀díẹ̀ fún wákàtí kan.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ karùn-ún

Gìrì ẹ̀ẹ̀kan péré láàárọ̀. Ẹ̀jẹ̀ inú ìgò ṣì funfun lókè, mi ò lè fi òróró kún un. Mò ń dúró. Kò ní kú mọ́ mi lọ́wọ́.

Ìrọ̀lẹ́ – ó ti mọ́! Òróró ẹlẹ́ẹ̀kejì.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹfà

Gbígbọ̀n ti ń rọlẹ̀. Mo ṣí kọ́bọ́ọ̀dù láti mú òwú. Páálí oògùn eégbọn ajá wà níbẹ̀. Lẹ́tà pupa gàdàgbà: Ẹ MÁ LÒ Ó FÚN OLÓGBÒ.

Mẹ́rin ló ń wà nínú páálí kan. Àwa ń tà á ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, torí kì í ṣe gbogbo èèyàn ló nílò mẹ́rin. Páálí ò kúrò níbí. Ìkìlọ̀ náà ò kúrò níbí. Ta ló dá ẹyọ-ẹyọ yẹn lábàá? Èmi. Ọ̀gá ní ká rọra, mo ní kò sí wàhálà ńbẹ̀.

Mo wo ìwé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, ọmọ Ìyá Aránṣọ, ẹyọ kan. Ọwọ́ mi ló kọ ọ́. Mi ò tiẹ̀ bi í bóyá ológbò wà nílé.

Mo gbé.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ keje

Ó gbórí sókè! Ó fín mọ́ Ọ̀gá Rọra. Ọ̀gá ní aláìmoore ẹranko, ṣé kì í ṣe àwọn làwọn wá òróró. Inú mi dùn débi pé mo sá lọ sunkún lẹ́yìn ilé.

Ìyá Aránṣọ wá wò ó. Wọ́n ṣàdúrà fún mi títí etí mi fi kún. Wọ́n ní ohun kan ṣoṣo tí bàbá fi sílẹ̀ lọmọ burúkú yẹn fẹ́ pa. Mo ṣe àmín sí àdúrà. Ojo ni mí.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹjọ

Baálé jẹun. Mo sọ ọ́ fún Ọ̀gá. Wọn ò pariwo, ìyẹn gan-an ló dùn mí. Wọ́n ní láti òní lọ, odindi páálí tàbí ká má tà á. Ti Ìyá Aránṣọ ńkọ́? Wọ́n ní ológbò ti yè, kí n má fọwọ́ ara mi fa wàhálà. Mo ní mo máa sọ ọ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹsàn-án

Mo mú fóònù. Mo gbé e sílẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kọkànlá

Ìyá Aránṣọ wá mú Baálé lọ lónìí. Kí wọ́n tó jókòó ni mo ti sọ gbogbo ẹ̀, kẹ́nu mi má baà tún yẹ̀. Mo gbé páálí fún wọn. Wọ́n wọ awò, wọ́n kà á, wọ́n tún un kà. Mò ń retí ìgbátí.

Wọ́n ní ìgbà wo ni mo mọ̀. Mo ní Ọjọ́rú.

"Ọjọ́rú. O sì ń ṣàmín."

Wọ́n yọ fóònù, wọ́n tẹ nọ́ńbà ọmọ wọn, wọ́n ṣí i sókè kí gbogbo wa lè gbọ́, wọ́n fi lé mi lọ́wọ́. Wọ́n ní èmi ni kí n sọ fún un.

Mo sọ ọ́. Pé èmi ni mo tà á láìkìlọ̀, kì í ṣe ẹ̀bi ẹ̀. Ó rọra bi mí pé níbo la sin Baálé sí.

Ọjọ́ kẹjọ tí wọ́n ti lé e rèé. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé ológbò yè.