Ọ̀pá Ìpẹja Tí Ẹ Kò Gbé Dé Òkun

Dádì mi àtàtà,

Mo ti lọ́kọ o. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ni, lọ́jọ́ Sátidé, ní Woolwich. Òjò ò rọ̀, Kúnlé ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó jí nǹkan gbé tí wọn ò rí i mú, èmi náà rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ fi ń dùn mí. Di àárọ̀ yìí, tí mo bá jí tí mo rí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ṣe ló máa ń ṣe mí bíi kí n dìde kí n jó. Ẹ bá mi yọ̀. Tí ẹ bá ti yọ̀ tán, ẹ jókòó, nítorí inú ń bí mi sí yín, ó sì ń bí mi gidi.

Ọ̀rọ̀ ọ̀pá yẹn ni. Nígbà tí mo gba owó oṣù àkọ́kọ́ mi nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó, mi ò ra bàtà, mi ò ra fóònù. Ọ̀pá ìpẹja ni mo rà fún yín, èyí tó ń tú sí mẹ́rin tó sì ń wọ inú báàgì ìrìn-àjò pẹ̀lú aṣọ, bẹ́ẹ̀ ẹja ńlá inú òkun ni wọ́n ṣe é fún. Láti kékeré mi lẹ ti ń sọ̀rọ̀ òkun Ìlàjẹ fún mi, nípa ẹja tó tóbi ju ènìyàn lọ tí bàbá yín fi okùn ọwọ́ lásán fà, nípa bí àwa méjèèjì ṣe máa lọ lọ́jọ́ kan. Ọ̀pá gígùn tí ẹ ní kò ṣeé gbé wọ bàálù, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n dá a padà. Ẹ̀bá odò Thames, lẹ́yìn ilé wa ní Thamesmead, ni ẹ wá ń jókòó sí lọ́jọ́ tí ẹ kò bá wa bọ́ọ̀sì, tí ẹ ń mú ẹja tí kò tó àtẹ́lẹwọ́. Mo rò pé mo ti bá yín yanjú ẹ̀.

Ẹ fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Ẹ gbàdúrà lé e lórí pé kí Olúwa bù kún iṣẹ́ ọwọ́ mi. Lẹ́yìn àmín ni ẹ wá wò ó, ẹ ní, “Ọ̀pá tó ti já sí mẹ́rin kí ẹja tó rí i, kí ni ẹja tún fẹ́ ṣe fún un?” Mọ́mì rẹ́rìn-ín. Ẹ gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù.

Ṣé ẹ mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe fún mi? Láti ọjọ́ náà, ìbọ̀sẹ̀ nìkan ni mò ń rà fún yín. Kérésìmesì, ìbọ̀sẹ̀. Ọjọ́ tí ẹ pé ọgọ́ta ọdún, ìbọ̀sẹ̀. Tí ẹ bá ti dárúkọ Ìlàjẹ, màá dìde kúrò ní pálọ̀. Lọ́dún tí ẹ kú, “ẹ káàárọ̀” àti “ṣé o ti jẹun” nìkan ló kù láàárín wa. Mo gbà pé ẹ fojú kéré ohun tí mo fi òógùn mi rà.

Nígbà tí èmi àti Kúnlé ń dirù lọ sí Cape Verde fún ìsinmi ìgbéyàwó wa, Mọ́mì gbé ọ̀pá náà jáde fún wa. Kúnlé, tí kò pa ẹja rí láyé ẹ̀, ló ń gbìyànjú láti tò ó. Ó ní, “Babe, kí ló funfun níbi oríkèé rẹ̀ yìí?”

Ọ̀rá àbẹ́là ni. Ó wà lórí oríkèé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wọ́n fi pa á fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, bí àwọn tó mọṣẹ́ ṣe máa ń ṣe kí ojú ibẹ̀ lè di ara wọn mú nígbà tí ẹja bá ń fà. Àbẹ́là funfun ilé àdúrà. Mo wo Mọ́mì.

“Dádì ẹ ni,” wọn ò wo ojú mi. “Gbogbo àárọ̀ Sátidé tó o bá ti lọ síbi iṣẹ́ ni wọ́n máa ń tò ó ní pálọ̀. Wọ́n á so okùn rẹ̀ mọ́ gálọ́ọ̀nù omi, wọ́n á máa fà á. Wọ́n ní ọmọ àwọn mọ nǹkan rà.”

“Kí ló wá dé tí wọn ò lọ?”

“Wòlíì ìjọ wa ríran sí wọn pé kí wọ́n má ṣe dé orí òkun. Dádì ẹ ní táwọn bá sọ fún ẹ, wàá bú wòlíì, wàá sì bú àwọn náà mọ́ ọn.”

Òótọ́ ni, Dádì. Ǹ bá bú u. Ǹ bá pariwo títí àwọn ará òkè wa á fi kan ilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n tí mo bá bú yín tán, ta ni màá bu oúnjẹ fún nírọ̀lẹ́, bí kò ṣe ẹ̀yin náà? Kí ló dé tó fi rọrùn fún yín láti fi ọ̀pá mi ṣe yẹ̀yẹ́ ju kí ẹ sọ pé ẹ̀rù ń bà yín? Pé ẹ gbọ́ràn sí wòlíì kò dùn mí tó bẹ́ẹ̀, ìgbàgbọ́ yín nìyẹn. Ẹ̀bùn mi tí ẹ fi bo ẹ̀rù yín ló ń dùn mí. Ọdún mẹ́rin ni mo fi ń ra ìbọ̀sẹ̀ fún yín. Ta ni kí n wá bá jà báyìí?

Mo gbé e lọ. Lọ́jọ́ kẹrin, níbi tí a kò ti rí ilẹ̀ mọ́, ẹja tuna kan gbé ìwọ̀ mi mì, ó forí lé ìsàlẹ̀ òkun. Ọ̀pá náà tẹ̀ títí ẹnu rẹ̀ fi kan omi. Mo fi ẹsẹ̀ ti ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Kúnlé ní, “Jẹ́ kí n gbà á, ó ti rẹ̀ ẹ́.” Mo ní, “Tó o bá fọwọ́ kàn án, inú ọkọ̀ yìí ni màá ti kọ̀ ẹ́ sílẹ̀.” Oríkèé kankan kò yẹ̀. Gbogbo bí mo ṣe ń fà á ni mò ń bá yín jà, ní Yorùbá, mò ń pè yín ní òpùrọ́, mò ń pè yín ní ojo. Ọ̀gá ọkọ̀ bi Kúnlé bóyá àdúrà ni mò ń gbà. Kúnlé ní bẹ́ẹ̀ ni. Nígbà tí ẹja náà yọ, tó ń dán bí irin, mo jókòó sílẹ̀ mo sunkún. Inú mi dùn gan-an. Ó sì ṣe mí bíi kí n gbá nǹkan.

Lọ́jọ́ Sunday tó kọjá, a lọ ṣe ìdúpẹ́ ìgbéyàwó. Èmi àti Kúnlé kúnlẹ̀ nínú aṣọ funfun, láìwọ bàtà, wòlíì náà sì dúró níwájú wa. Ó ní òun rí omi yí ìyàwó tuntun ká, kó má ṣe sún mọ́ òkun. Mọ́mì já mi ní èékánná lẹ́yìn. Dádì, irọ́ náà ti dé ẹnu mi. Mo ti fẹ́ sọ pé èmi ò tiẹ̀ fẹ́ràn ẹja pípa. Ó rọrùn débi pé ó bà mí lẹ́rù.

Mo gbójú sókè. Mo ní, “Ẹ ṣeun, sà. Ẹ̀rù ń bà mí díẹ̀, ṣùgbọ́n a máa padà lọ lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹ máa bá wa gbàdúrà.”

Wòlíì wò mí, ó gbé ọwọ́ lé wa lórí, ó ní kí Ọlọ́run ṣọ́ wa lọ, kó ṣọ́ wa bọ̀. Ó parí síbẹ̀. Gbólóhùn mẹ́ta péré ni mo sọ, Dádì. Kò gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Nínú bọ́ọ̀sì, Mọ́mì jókòó tì mí. Nígbà tí a kọjá Plumstead, wọ́n ní, “Ẹja yẹn, ṣé ó fà gan-an?” Mo ń ròyìn fún wọn lọ́wọ́ ni bọ́ọ̀sì fi gbé wa kọjá ilé.

Èmi ni, ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tí kò sì tíì bínú tán.