Mo Wọn Ẹrù Mi Bí Ẹni Tó Ń Sá Kòkó

Ẹ kú ilé o, Màámi. Èmi ọmọ yín dọ̀bálẹ̀ gbalaja láti ìlú òyìnbó, mo ní ẹ kú òjò, ẹ kú ìkórè, ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ mi. Mo kí Ẹ̀gbọ́n mi tó ń bá wa mójú tó oko tí Bàbá fi sílẹ̀. Mo kí Ìyá Ìbùkún, aya mi, tó gbà láti máa bá yín gbé ní Aládé Ìdànrè, tí kò sì jẹ́ kí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ sinmi. Mo kí Ìbùkún àti Ṣeun. Ara mi le. Ọkàn mi ni kò le, òun ni mo sì fẹ́ bá yín sọ, torí tí mo bá pè yín lórí fóònù, kí n tó sọ gbólóhùn kan tán, ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Mo jẹ́ kí wọ́n gbé lẹ́tà yìí jáde fún gbogbo ayé, nítorí kì í ṣe èmi nìkan ni ọmọ tó wà nípò yìí.

Òtútù ti dé síbí. Ilẹ̀ ibí tẹ́ pẹrẹsẹ, kò sí òkè kankan tí ojú lè fara tì. Oòrùn wọn ń ṣe bí ẹni tí wọ́n fipá mú wá síbi iṣẹ́. Kí n tó kúrò nílé àwọn arúgbó tí mò ń tọ́jú, ó ti lọ. Ìyá àgbà kan wà níbẹ̀ tó máa ń di ọwọ́ mi mú, tí á máa fi orúkọ ọmọ rẹ̀ pè mí. Mo máa ń dá a lóhùn. Tí mo bá délé, kò sẹ́ni tó máa fi orúkọ kankan pè mí.

Ẹ rántí pé agẹ́ǹtì tó bá wa ṣe ìwé sọ fún wa pé kí n kọ́kọ́ máa lọ, pé ìyàwó àti ọmọ á tẹ̀lé mi láìpẹ́. Mo gbà á gbọ́. Mo gba ilé oníyàrá méjì, mo ra ibùsùn kékeré méjì, mo tẹ́ aṣọ aláwòrán ìràwọ̀ sórí ti Ìbùkún. Mo yà á ní fọ́tò ránṣẹ́, ẹ sì fi han gbogbo ìjọ. Ìgbà tí a kọ̀wé béèrè físà wọn ni ìjọba ibí tó sọ fún mi pé ẹni tó bá wá ṣe irú iṣẹ́ mi lásìkò tí mo wá kò lè mú ẹbí rẹ̀ wọlé. Mo wá ń dá gbé inú ilé tó jù mí lọ, mò ń sanwó yàrá tí ẹnikẹ́ni kì í sùn sí. Nígbà tó yá, apá mi ò ká a mọ́. Mo rí yàrá kan gbà nínú ilé ẹlòmíràn, àmọ́ onílé ti fi bẹ́ẹ̀dì àti kọ́bọ́ọ̀dù tirẹ̀ kún un, kò sáyè fún ẹrù mi.

Màámi, ilé kan wà níbí tó jẹ́ pé ẹrù ni wọ́n ń gbà á fún, kì í ṣe ènìyàn. Ilé ńlá onípáànù ni, wọ́n pín in sí yàrá-yàrá, kálukú ní kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀, a sì ń sanwó lóṣooṣù. Sítọ́réèjì ni wọ́n ń pè é. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ṣebí nílé tiwa náà, tí kòkó bá ti wọlé, yàrá tí kì í jò ni Bàbá máa ń fún un, àwa ọmọ á lọ máa sùn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Wọ́n ní kí n yan ìwọ̀n tó bá mi mu. Kékeré kan wà tí kò ju kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ lọ, ọ̀kan tó ilé ìdáná yín, ọ̀kan tó pálọ̀, ọ̀kan sì wà tí mọ́tò lè wọ̀. Mo mú téèpù, mo wọn gbogbo ẹrù mi bó ṣe jókòó sílẹ̀, mo ro ó pọ̀. Ó ju pálọ̀ yín lọ. Mo bá lọ bá obìnrin tó wà ní káńtà, mo ní kó fún mi ní èyí tí mọ́tò lè wọ̀. Ó wo ìṣirò mi, ó wo èmi náà, ó wá bi mí bóyá mo fẹ́ tẹ́ gbogbo ẹrù náà sílẹ̀ kí n máa rìn láàárín wọn ni. Ó na ìka sókè, sí àjà. Ìgbà náà ni mo tó rí ohun tí mo ṣe. Bí ẹni tó ń sá kòkó ni mo ṣe wọn ẹrù, mi ò wọ̀n ọ́n bí ẹni tó ń tò ó sí yàrá. Èmi ọmọ Bàbá, tó jẹ́ pé orí pákó ni wọ́n máa ń to àpò kòkó sí títí kan àjà, tí wọ́n ń fi ọ̀nà sílẹ̀ lẹ́bàá ògiri kí atẹ́gùn lè fẹ́ sí i, kó má baà bu! Ká ní Bàbá wà láyé ni, ẹ̀fẹ̀ tí wọn ì bá fi mí ṣe, ọdún ì bá parí kó tó tán. Mo bá obìnrin náà rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo jáde, inú mi bàjẹ́.

Ohun tó bà á jẹ́ ni pé tí a bá to ẹrù náà sókè, méjì péré ló kù láti yàn. Kékeré yẹn á gba àpótí mi, ìkòkò mi àti àwọn ìwé mi. Èyí tó tó ilé ìdáná á gba gbogbo rẹ̀, títí kan ibùsùn àwọn ọmọ. Obìnrin náà rò pé ẹrù ni mò ń rò. Bóyá àwọn ọmọ mi á wá tàbí wọn ò ní í wá ni mò ń rò.

Mo pè yín, mo bi yín bóyá kí n gba kékeré. Ẹ ní kí n má dán an wò, pé a kì í ká ẹní ẹni tó wà lọ́nà, pé tí mo bá gbé ibùsùn ọmọ fún ẹlòmíràn, mo ti fẹnu ara mi sọ pé kó má wá nìyẹn. Ẹ ní Ìyá Ìjọ ti rí àwọn ọmọ lójú ìran, pé aṣọ òtútù ló wà lọ́rùn wọn. Ó ku díẹ̀ kí n sọ pé ọyẹ́ náà ń mú ènìyàn wọ aṣọ òtútù ní Ìdànrè. Mo gba èyí tó tó ilé ìdáná. Mo tú ibùsùn náà, mo gbé igi wọn nàró ti ògiri, mo fi ọ̀nà sílẹ̀ bíi ti Bàbá. Lọ́jọ́ tí mi ò bá lọ síbi iṣẹ́, mo máa ń lọ ṣílẹ̀kùn, kí n fọwọ́ kan fóòmù wọn bóyá ó ti ń rin. Kò sí ohun tó ṣe é.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, nígbà tí ẹ ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, Ìyá Ìbùkún gbé fóònù sókè kí n lè rí gbogbo yín. Mo rí Ìbùkún lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín lẹ́nu ọ̀nà, orí rẹ̀ ti dé èjìká yín. Ó bi mí bóyá ìràwọ̀ ṣì wà lórí ibùsùn òun. Mo ní ó wà. Lẹ́yìn náà, mo bẹ ìyá rẹ̀ pé kó fi téèpù ìránṣọ wọ̀n ọ́n fún mi láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ó rò pé aṣọ ni mo fẹ́ rà. Nígbà tó fi ìwọ̀n náà ránṣẹ́, mo gbéra lọ sí sítọ́réèjì, mo na téèpù sára igi ibùsùn. Ẹsẹ̀ ọmọ mi á yọ síta. Mo jókòó sórí fóòmù Ṣeun, mo sunkún bí ọmọdé. Ìbùkún tí mo fi sílẹ̀ ni mò ń tọ́jú ibùsùn fún, èyí tó wà lọ́dọ̀ yín ti dàgbà kọjá rẹ̀.

Mo padà sí káńtà, mo ní kí wọ́n fún mi ní kékeré. Mo kó ibùsùn méjèèjì fún ẹnì kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́, tí ìyàwó rẹ̀ bímọ síbí. Ó ń dúpẹ́ ṣáá, mi ò mọ ibi tí màá gbójú sí. Obìnrin káńtà bi mí bóyá ó dá mi lójú pé kékeré náà á tó mi. Mo ní á tó. Ẹrù tí ọkùnrin kan lè dá gbé bọ̀ wálé ni mo fi wọ̀n ọ́n.

Màámi, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí á dùn yín. Ẹ má bínú sí mi. Ìyá Ìbùkún sọ fún mi pé Ṣeun kì í bá ẹnikẹ́ni ṣọ̀rẹ́ nílé ìwé, pé tí wọ́n bá bi í léèrè, á ní òun ò ní í pẹ́ lọ bá dádì òun. Ẹ̀yin lẹ máa ń sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn níbi àdúrà òwúrọ̀, ìfẹ́ ló sì ń mú yín sọ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ọ́ mọ́. Ẹ sọ fún wọn pé èmi ni mò ń bọ̀. Mi ò lè sọ ìgbà, iṣẹ́ ṣì dè mí mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n èmi ni mò ń bọ̀. Kí Ṣeun yan ọ̀rẹ́.

Ọlọ́run á dá yín sí fún wa, ẹ ó jẹun ọmọ pẹ́, òjò ò ní í bá kòkó wa níta. Ẹ bá mi kí Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi kí Ìyá Ìjọ, ẹ kí gbogbo ará Aládé tó bá béèrè mi. Ẹ ka lẹ́tà yìí sétí aya mi, kó lè mọ ìdí tí mo fi ní kó wọn ọmọ, kó má sì retí aṣọ.

Èmi ni ọmọ yín tó ń bọ̀ wálé,
Akínfọlárìn.