Ọmọ Ẹ̀yìn Mi Dìbò

Àǹtí Oyèníkẹ́ wa, ẹ kú iṣẹ́ orí rédíò o. Harburg, nílùú òyìnbó níbí, ni mo ń gbé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi.

Wọ́n ti yàn mí sí ìgbìmọ̀ àdúgbò wa kí n tó lóyún. Ìrọ̀lẹ́ la máa ń ṣèpàdé, ọkọ mi sì máa ń wà níbi iṣẹ́, kò sẹ́ni tí yóò bá mi gbọ́mọ. Ìyá ọkọ mi, tí wọ́n ń gbé ní Spandau ní Berlin, ní kí n fi ipò náà sílẹ̀. Ó kù díẹ̀ kí n gbà.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo pọn ọmọ lọ. Ẹ mọ ọmọ ẹ̀yìn, tí ìyá bá jókòó, igbe ni. Mo bá dìde, mo ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Mo gbàgbé pé ìdìde la fi ń dìbò. Bí wọ́n ṣe kà mí mọ́ àwọn tó fẹ́ ti ibi ìṣeré ọmọdé pa nìyẹn, èmi tí mo ti sọ̀rọ̀ takò ó.

Mo nawọ́, mo ṣàlàyé. Mo rò pé wọ́n á lé mi. Alága wa rẹ́rìn-ín, ó ní ká tún ìbò dì, ó wá béèrè ẹni tó tún lọ́mọ kékeré nílé. Ọwọ́ pọ̀, tọkùnrin tobìnrin. Ní báyìí, ọ̀sán la ó máa pàdé, yàrá àwọn ọmọ á sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Ọkàn mi balẹ̀ pẹ̀sẹ̀.

Àmọ́ Màmá ọkọ mi ti gbọ́. Wọ́n ní àwọn ń bọ̀ láti Berlin wá pọn ọmọ fún mi nínú ìpàdé. Ẹ̀yin olùgbọ́, ta ni yóò bá mi sọ fún ìyá ọkọ mi pé wọn ò gbọdọ̀ dá sọ́rọ̀ níbẹ̀?