Ẹran Ẹlẹ́dẹ̀ àti Ọ̀pẹ Òyìnbó Tí Mo Sè fún Ìyá Rẹ

Ilé wa, Idoani,
Ọjọ́ kejì ọjà.

Tiwalọlá ọmọ mi,

Ṣé o jí dáadáa, ṣé ara le, ṣé ọkọ rẹ Dùnsìn ń tọ́jú rẹ bó ṣe ṣèlérí níwájú wa, ṣé omi ń yọ nínú ẹ̀rọ yín ní Àbújá níbẹ̀? Ọlọ́run tí kò jẹ́ kí ìjì ọdún yìí ṣí òrùlé wa kò ní jẹ́ kí ohunkóhun ṣí ọ nídìí ayọ̀ rẹ. Àwa níhìn-ín wà láàyè, a ń jẹ, a ń mu. Mo fa ìlà sí abẹ́ “a ń jẹ” yẹn o, torí ọ̀rọ̀ jíjẹ ni mo ṣe jókòó kọ̀wé.

Ǹ bá ti fi fóònù kọ ọ́ ránṣẹ́, ṣùgbọ́n fóònù náà kì í jẹ́ kí èèyàn parí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀. Bí mo bá kọ “ìyá rẹ”, á yára fi ọ̀rọ̀ mìíràn sípò rẹ̀, bí ẹni pé ó mọ ìyá rẹ jù mí lọ. Ìdí nìyí tí mo fi gba bébà, Praise tó ń wa ọkọ̀ wá sí Àbújá ni yóò mú un dé ọ̀dọ̀ rẹ. Fún un lómi tútù, èèyàn dáadáa ni.

Ìyàwó Kingsley, èyí tó ń sin ẹlẹ́dẹ̀ lójú ọ̀nà Afo, ti bí ìbejì, obìnrin méjèèjì. Ewúrẹ́ wa aláwọ̀ àdàlù náà bí, ṣùgbọ́n òun kò pariwo tó Kingsley. Iṣu ta dáadáa lọ́dún yìí.

Wàyí o, ohun kan wà tí a kò sọ fún ọ lórí fóònù, kí àyà rẹ má baà já lójú iṣẹ́. Láti ìgbà tí ìyá rẹ ti ti ilé ìwòsàn Ọ̀wọ̀ dé, ibà yẹn lọ lóòótọ́, àmọ́ ó kó adùn ẹnu rẹ̀ dání. Mo ní kí n gúnyán, ó ní iyán korò. Wọ́n gbé ẹ̀gúsí wá, ó ní ó ń rùn. Dókítà sọ pé oògùn ti ṣe tirẹ̀, ó ku oúnjẹ. Á mu ògì díẹ̀, á sì gbé abọ́ jìnnà sí ara rẹ̀. Aṣọ tó fún un nígbà kan wá dà bí aṣọ àyálò lọ́rùn rẹ̀. Bó bá kọ ẹ̀yìn sí mi, mo ń rí bí eegun èjìká rẹ̀ ṣe yọ. Láti ìgbà tí irun mi ti dúdú ni èmi àti ìyá rẹ ti ń jẹun nínú abọ́ kan ṣoṣo. Ọmọ mi, ọwọ́ ẹnì kan nínú abọ́ kò dùn-ún wò. Àní ẹran ibẹ̀ kì í tán.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyẹn tí fídíò tí o fi ránṣẹ́ fi dé, ti obìnrin kan tó ń fi ọ̀pẹ òyìnbó se ẹran ẹlẹ́dẹ̀. Ìyá rẹ wò ó lórí ibùsùn, ó ní ó jọ pé èyí yóò dùn lẹ́nu. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ìlú tí kò ní dé láéláé, ó sì kọjú sí ògiri. Ṣùgbọ́n èmi ti gbọ́. Mo dìde, mo wá bàtà mi.

Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ Kingsley, ó béèrè ẹni tó fẹ́ sè é. Mo ní èmi ni. Ó wo ẹ̀yìn mi bóyá ẹlòmíràn tẹ̀ lé mi. Kò sí ẹnì kankan. Ó gé ibi tó ní ọ̀rá díẹ̀ fún mi, ó sì ní òun yóò gbàdúrà sí i. Ọ̀pẹ òyìnbó ní tirẹ̀, ẹ̀yìnkùlé wa ni mo ti gé e, ó ti pọ́n débi pé àwọn èèrà ti ń wọ́ lọ síbẹ̀ ṣáájú mi.

Mo gbé fóònù sórí àpótí iyọ̀. Obìnrin yẹn lẹ́kọ̀ọ́ ilé, òun ló kọ́kọ́ kí mi. Ó ní ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi, mo sì ní ẹ kú ilé o. Ó ní oúnjẹ yìí kò ní pẹ́ rárá, àní ẹni tó ti ibi iṣẹ́ dé lè sè é kí ebi tó pa á. Kò parọ́, tirẹ̀ kò pẹ́. Ó da ẹran sínú páànù, mo ṣẹ́jú, ẹran ti jinná! Mo da tèmi náà sí i, mo ṣẹ́jú, mo tún ṣẹ́jú, ẹran ń wò mí ni. Mo wá mọ̀ pé iná Àbújá lágbára ju tiwa lọ, mo sì fi igi kún un.

Ó ní kí n da áyù àti atalẹ̀ sí i, mo dà á. Ó ní kí n fi oyin sí i, mo mú èyí tí ìyá rẹ fi ń tọ́jú ikọ́. Lẹ́yìn náà ló gbé ìgò kan tí omi dúdú wà nínú rẹ̀, ó pe orúkọ rẹ̀ kíákíá, n kò gbọ́. Ṣùgbọ́n ojú mi kò fọ́. Ohun tó bá dúdú tó sì wà nínú ìgò, mọ́ọ̀tì ni. Mo ṣí mọ́ọ̀tì kan tí wọ́n fi wá kí ìyá rẹ, mo dà á sí i, mo fi iyọ̀ àti ata kún un. Ó hó, ó ń ta sánsán.

Bí ó ṣe fẹ́ sọ ìgbà tí ọ̀pẹ òyìnbó yóò wọlé, ó dákẹ́. Ó kàn dúró, ó la ẹnu, ó na ṣíbí sókè. Mo ní à, ó rí i pé mo ti rẹ̀yìn, ó ń dúró dè mí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún sùúrù. Mo ro ọbẹ̀, mo padà wò ó, kò tíì sọ ọwọ́ kalẹ̀! Ojú tì mí fún un. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ Gbọ́lá tó ń ta káàdì fóònù ní ìkóríta, mo ní kó bá mi bẹ obìnrin yìí kó jókòó. Gbọ́lá ní dátà ló tán. Ó rọ dátà sí i, obìnrin náà sì ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ láìráhùn rárá. Bá mi kí àwọn òbí rẹ̀ bí o bá mọ̀ wọ́n, wọ́n tọ́ ọmọ.

Ọ̀pẹ òyìnbó wọlé. Ó ní kí n gbé ẹran kúrò lórí iná, kí n jẹ́ kó sinmi. Èyí yé mi dáadáa, èmi náà máa ń sinmi lọ́sàn-án. Mo bò ó, mo pa fèrèsé dé, mo lé adìẹ tó ń ké lẹ́yìnkùlé. Ìyá rẹ béèrè láti inú yàrá pé kí ló dé tí ilé ṣe pa lọ́lọ́. Mo rọra dáhùn pé ẹran ń sinmi ni.

Nígbà náà ni obìnrin yìí fẹ́ dágbére. Ó ní bí mo bá fẹ́ràn rẹ̀, kí n fún òun ní láìkì. Mo ní mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Ó ní kí n kọ ibi tí mo ti ń wo òun sí ìsàlẹ̀. Mo kọ orúkọ mi àti Idoani sórí bébà, mo tẹ́ ẹ sí ìsàlẹ̀ fóònù. Ó wá ní kí n má gbàgbé o, kí n tẹ aago, kí gbogbo èèyàn lè mọ̀ nígbà tí oúnjẹ bá tún délẹ̀.

Aago ìjọ wa kì í ṣe títẹ̀, okùn ni wọ́n ń fà. Ṣùgbọ́n ẹni tó dúró dè mí tọwọ́tẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀, mo lè ṣàìgbọ́ tirẹ̀ bí? Mo ró ìró ìyá rẹ tí mo fi dáná mọ́ àyà, mo gba ẹ̀gbẹ́ ọgbà kọjá sí ilé ìjọsìn tó wà nítòsí wa, mo fa okùn aago náà tagbáratagbára, mo sì padà sílé.

Ọmọ mi, ìwọ náà mọ̀ pé bí aago yẹn bá dún láìṣe ọjọ́ ìsìn, ó lóhun tó ṣẹlẹ̀. Katikíìsì Rufus ti ìjọ wa sáré dé, ó ti ṣí ìwé àdúrà sí ojú ewé ìsìnkú. Jìbírílù, aládùúgbò wa, gbé garawa omi bọ̀, ó rò pé iná ló jó wa. Gbọ́lá ti ìsọ̀ rẹ̀. Gbogbo wọn wọ inú ọgbà wa, Katikíìsì sì bú sẹ́kún, ó ní ṣé ìyá Tiwalọlá ti lọ ni. Mo ní kò sẹ́ni tó lọ, oúnjẹ ló jinná.

Mo ṣàlàyé fún wọn pé obìnrin inú fóònù ló rán mi. Gbọ́lá ní àwòrán aago kékeré kan ló ń sọ, ó wà nínú fóònù níbẹ̀. Mo bi í pé àwòrán aago wo ló ń dún?

Àfi bí a ṣe gbọ́ ẹ̀rín lẹ́yìn wa. Ìyá rẹ ni. Ó ti dìde fúnra rẹ̀, ó fara ti òpó ilẹ̀kùn, ó ń wo Jìbírílù tòun ti garawa, ó ń wo èmi àti ìró tí mo ró, ó sì ń rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. N kò rántí ìgbà tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín yẹn kẹ́yìn. Mo kàn ń nu ọwọ́ mi sára ìró.

Ó ní kí ló ń ta sánsán báyìí. Mo bu ú wá pẹ̀lú iṣu sísè. Ó tọ́ ọ wò, ó tún mú òmíràn. Kò sẹ́ni tó bẹ̀ ẹ́. Katikíìsì ti ìwé àdúrà pa, ó béèrè bóyá ó kù. Jìbírílù ní ẹ̀sìn òun kò gba ẹlẹ́dẹ̀, mo gé ọ̀pẹ òyìnbó tútù sínú àwo mìíràn fún un pẹ̀lú iṣu, ó jẹ ẹ́ tán, ó sì fi omi garawa rẹ̀ fọ abọ́ fún wa. Ìyá rẹ jẹ tirẹ̀, ó jẹ lára tèmi. Bí mo ti na ọwọ́ sí ẹran tó gbẹ̀yìn nínú abọ́, ó ti mú un. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Láti ìgbà náà ó ti ń jẹun o. Lánàá ó jẹ iyán, ó ní ọbẹ̀ kò láta tó. Ó ti gba kìṣìnnì lọ́wọ́ mi pátápátá, ó ní mo jó ìkòkò òun.

Bí ọwọ́ bá dẹ̀, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí n tún lọ sọ́dọ̀ Kingsley, kí o sì fi dátà sí fóònù, mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún dúró ní ìnàró nítorí mi. Fi mọ́ọ̀tì kún un. Má jẹ́ kí Àlùfáà ìjọ wa gbọ́ ọ̀rọ̀ aago láti ẹnu rẹ.

Ọlọ́run yóò bá ọ se é, kò ní jóná. Ẹnu rẹ kò ní kọ oúnjẹ, oúnjẹ kò ní wọ́n ọ, ẹni tí ẹ jọ ń jẹ ẹ́ kò ní dìde kúrò nídìí abọ́ lọ́jọ́ àìpé. Ibi tí ẹlòmíràn ti ń sáré wá fún ẹkún, ìwọ àti àwọn ẹni rẹ yóò jẹun níbẹ̀, ẹ ó yó.

Ìyá rẹ ń pè mí o. Ó ní kí n fi kálámù sílẹ̀ kí n wá bẹ iṣu, ebi ń pa òun.

Èmi ni bàbá rẹ,
Ògúnyẹmí.